Tíkẹ́ẹ̀tì Gbogbo Yín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí Àṣá ará Houston. Ó dá lórí Ìgbín, ẹni tó ń fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ka ojú ìwé kan ṣoṣo.

Ní ayé àtijọ́ (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, lójú ẹni tó bá ń ra dọ́là, 2022 ti di ayé àtijọ́), àwọn ẹranko ló ni títì Badagry láti Volks títí dé Okokomáíkò. Àwọn Ìjàlọ ló ni bárékè Ọ̀jọ́. Wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárọ̀, wọ́n á máa sáré, wọ́n á máa kọrin, kò sì sí ẹranko tó jẹ́ gba àárín wọn kọjá. Ewúrẹ́ ń kọ́ni ní LASU, ohùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan sùn ní kíláàsì. Ọ̀bọ ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alábà. Bí o bá rà á lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la, á bi ọ́ bóyá iná ilé yín ló dáa. Òkété ni lándílọ́ọ̀dù ní ẹ̀sìtéètì Ìbà, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé, òkè ilẹ̀ ló ń gba owó ilé. Ehoro ń wa kórópe láti Ìyànà Ìbà lọ sí Ìgàndó, kò sì sí ọlọ́pàá tó lè lé e bá. Ìgbín nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ò ní orúkọ. Ó ń ka lẹ́tà fún àwọn tí ojú wọn ò ríran, ó ń ka ìwé àdéhùn ilé fún àwọn tí lándílọ́ọ̀dù ń kánjú mú kọwọ́ bọ̀wé. Òkété kórìíra rẹ̀ gan-an.

Ìjàpá ní tirẹ̀ ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé àfi iṣẹ́. Ó ti ta ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Ìbà fún ẹni mẹ́ta. Ó ti gba owó ìgbàwọlé yunifásítì lọ́wọ́ òbí tí ọmọ rẹ̀ ò tíì jókòó ìdánwò. Nígbà tí Okokomáíkò gbóná fún un, ó gba ṣọ́ọ̀bù pẹ́nríkí kan ní màmí máákẹ́ẹ̀tì inú bárékè, láàárín ẹlẹ́pẹpẹsúùpù àti télọ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ́ síwájú ibẹ̀ gàdàgbà: ÌJÀPÁ TÌRÓKÒ. FÍSÀ, TÍKẸ́Ẹ̀TÌ, HÓTẸ́Ẹ̀LÌ. Ẹ lè bi mí pé kí ló wá dé inú bárékè. Oníbàárà tí inú bá ń bí, tó fẹ́ wá fọ́ ọ létí, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró lẹ́nu géètì kí wọ́n bi í ní orúkọ rẹ̀, ibi tó ń lọ àti ẹni tó fẹ́ rí. Kó tó dé ọ̀dọ̀ Ìjàpá, ìbínú rẹ̀ ti tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, ìyàn mú. Kì í ṣe ìyàn iṣu, kì í ṣe ti àgbàdo. Ìyàn tíkẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn ẹyẹ ńláńlá tí í gbé èrò kọjá òkun ń gba náírà lọ́wọ́ èrò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí Kìnnìún ọba, tó ń ṣọ́ àpò ìlú, bá wọn ṣẹ́ ẹ sí dọ́là kí wọ́n lè kó owó wọn relé, Kìnnìún á ní kí wọ́n ní sùúrù, dọ́là ò sí nílé. Owó há. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, kéde pé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó há sí Nàìjíríà ti lé ní mílíọ̀nù 812 dọ́là. Emirates ti bínú kó ẹsẹ̀ nílẹ̀ láti 2022. Ó di oṣù kẹwàá 2024 kó tó fò padà wá sí Èkó. Àwọn tó kù ò lọ ní tiwọn, wọ́n kàn fi àga olówó pọ́ọ́kú pamọ́ fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣẹ́ èyí tó wọ́n bí ojú kù sórí àtẹ. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ní Kútọnu tàbí Accra á rí i rà dáadáa. Bí àwọn ará Ọ̀jọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù sórí ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ nìyẹn. Pápákọ̀ òfurufú wà ní Ìkẹjà níbí, ará Okokomáíkò ń gba ẹnubodè kọjá lọ wọ bàálù nílùú onílùú, ó tún ń dúpẹ́ pé òun jèrè.

Káàdì náírà náà tún wá di ohun ẹ̀sín. Nígbà tí 2022 ń parí lọ, àwọn báńkì kan ti sọ fún oníbàárà wọn pé káàdì náírà ò ní ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́. Ẹni tó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ní báńkì Alábà ò lè fi káàdì rẹ̀ ra tíì kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Àárín ìyàn yìí ni Àṣá ti Houston dé láti wá sin bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, àwọn ẹranko pé jọ sí àgbàlá rẹ̀ ní Ìbà. Àṣá jẹ àmàlà tán, ó nu ẹnu, ó fa káàdì kan yọ lápò, ó jù ú sórí tábìlì. Káàdì náà ò dún bí ike. Ó dún gbaran, bí ìgbà tí ṣíbí irin bá já sílẹ̀ nílé ìdáná. Gbogbo ọ̀rọ̀ dáwọ́ dúró. Ọ̀bọ gbé e, ó fi eyín kàn án, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Irin ni," ni Ọ̀bọ wí.

"Irin ni," ni Àṣá náà wí. "Bí mo bá ti fi í ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí ẹrù mi pẹ́ lọ́nà, wọ́n á san owó aṣọ tí mo bá rà wọ̀. Bí àìsàn bá dá mi dúró, wọ́n á san owó tíkẹ́ẹ̀tì tó bá a lọ. Bí mo bá dé pápákọ̀, n kì í jókòó pẹ̀lú èrò. Yàrá kan wà tí wọ́n ń pè ní lọ́ńjì, oúnjẹ ibẹ̀ ò lópin, ọtí ibẹ̀ ò lópin, ẹnìkan ò ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Gbogbo dọ́là tí mo bá ná ló sì ń bí póìntì. Bí póìntì bá pọ̀, á di tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn."

"Ta ló ń san gbogbo ìyẹn?" ni Ewúrẹ́ bi í.

"Báńkì ni."

Òkété rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Báńkì wo ló ń bọ́ èèyàn?"

Láti ìsàlẹ̀ ògiri ni ohùn Ìgbín ti jáde. "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún nítorí káàdì náà?"

Àṣá wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Kò ju ẹgbẹ̀ta dọ́là lọ. Ó tilẹ̀ dín díẹ̀."

"Ẹ kú owó. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ra àmàlà inú lọ́ńjì yẹn nìyẹn. Ẹ kàn san owó rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ni."

Wọ́n ní kí Ìgbín dákẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn tó rìn jìnnà kọ́ nìyẹn. Nǹkan mìíràn tún wà tí Àṣá fi ohùn kékeré sọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ nítorí ariwo: pé gbèsè ni káàdì ọ̀hún, pé bí oṣù bá parí tí òun ò san gbogbo rẹ̀ tán, èlé á bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn. Ọ̀rọ̀ ayé yìí náà sì nìyẹn. Ní Okokomáíkò, bí o bá jẹ gbèsè, ẹ̀yìnkùlé lo máa ń gbà wọlé. Ní Houston, bí o kò bá jẹ gbèsè rí, báńkì ò mọ̀ ọ́, ẹni tó ń jẹ tó sì ń san lásìkò ni wọ́n ń fi ijó pàdé.

"Èyí tó dùn mọ́ mi jù," ni Àṣá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ni ti wákàtí 24. Òfin ìjọba Amẹ́ríkà ni. Bí o bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀, tó sì ku ọjọ́ méje ó kéré tán kí bàálù gbéra, o lè pa á rẹ́ kí wákàtí 24 tó pé, gbogbo owó rẹ ló máa padà sínú káàdì. Ìtanràn kankan ò sí ńbẹ̀. Láti 2020 tí àrùn Kòrónà lé èrò lọ, àwọn bíi United, Delta àti American tilẹ̀ ti yọ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá yí ọjọ́ rẹ̀ padà, lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọn."

Ní ìdí ìkòkò ọbẹ̀, orí Ìjàpá yọ jáde nínú ikarahun.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn sọ."

Kí Àṣá tó padà lọ, ó ní ọmọbìnrin òun ń ṣègbéyàwó ní Houston nínú oṣù kejìlá. Ó ní ta ni ń bọ̀? Ẹranko mẹ́jọ ní àwọn ń bọ̀, Ìjàpá ṣe ìkẹsàn-án. Bí wọ́n ṣe gba físà, àlọ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí rẹ̀.

Lóru, Ìjàpá pe Àṣá lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, àwọn ará ilé ò ní káàdì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá wa fi tiyín ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Èmi á gba náírà lọ́wọ́ wọn, màá ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, màá fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ tún wo póìntì tí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án máa bí fún yín."

Àṣá ò wo nǹkan mìíràn mọ́. Póìntì nìkan ló ń rí. Èmi ò ní tìtorí pé ó jẹ́ àlejò kí n má sọ ọ́: ká ní ojú ẹyẹ yẹn ò wọ póìntì, àlọ́ yìí ò bá má ṣẹlẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Ti àwọn mẹ́jọ, bó ṣe wà nínú páspọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ ọ́. Ó kan Ìjàpá.

"Kọ tèmi báyìí," ni Ìjàpá wí. "Orúkọ àbísọ, Gbogbo. Orúkọ bàbá, Yín."

"Gbogbo Yín?"

"Orúkọ tí wọ́n fún mi ní ìjọ ni."

Ẹ̀yin náà ti rántí. Nígbà kan rí, àwọn ẹyẹ yá Ìjàpá níyẹ̀ẹ́ kó lè bá wọn lọ síbi àsè lójú ọ̀run. Ó ní kí kálukú wọn gba orúkọ tuntun, ó sì fi Gbogbo Yín pe ara rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ dé, ó bi onílé pé ta lẹ gbé e fún, onílé ní fún gbogbo yín ni. Ó dá a jẹ. Àwọn ẹyẹ gba ìyẹ́ wọn padà, ó sì já lulẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ibi tó ti fọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ti kọ́gbọ́n. Ìjàpá ní ìyẹ́ ló da òun, orúkọ ò ní ẹ̀bi. Ó ti ṣàkíyèsí pé bí ilé-iṣẹ́ bàálù bá fẹ́ tọrọ àforíjì tàbí kó pín nǹkan, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé a kí gbogbo yín, ó wà fún gbogbo yín.

Àṣá ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ímeèlì Ìjàpá ni wọ́n fi sílẹ̀, kí gbogbo iṣẹ́ lè máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní àárọ̀ Sátidé, Ìjàpá tẹ ìwé jáde ní ṣọ́ọ̀bù bísínẹ́ẹ̀sì kan ní Ìyànà Ìbà, ó pín in fún àwọn ẹranko, ó ní, "Ẹ má gba ẹnu mi gbọ́. Ẹ gba orí fóònù lọ, ẹ tẹ PNR yín, àmì ìdánimọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orúkọ yín." Ehoro tẹ̀ ẹ́ kíá, ó rí orúkọ rẹ̀. Ewúrẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó rí tirẹ̀, ó ké mẹ́ẹ̀ẹ̀. Ọ̀bọ ya àwòrán rẹ̀, ó gbé e sórí Facebook. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, kálukú ti fi mílíọ̀nù méjì náírà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì Ìjàpá. Ẹni mẹ́jọ, mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún.

Ní wákàtí kẹtàlélógún, Ìjàpá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí, ó pa orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣẹ́ Gbogbo Yín kù.

Gbogbo dọ́là tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ padà sínú káàdì irin ní Houston. Àṣá pè é. Ìjàpá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ayé le. Wọn ò lè wá mọ́, owó ò pé. Èmi nìkan ni mò ń bọ̀. Bí mo bá dé ọ̀hún, màá san tèmi lówó." Owó Àṣá pé, kò rí ohun tó máa bá a jà sí. Póìntì tó padà sí ibi tó ti wá nìkan ló ń ká a lára.

Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́? Ẹni tó jí owó ò jí i lọ́wọ́ ẹni tó ni káàdì, òfin ti dáàbò bo ìyẹn. Àwọn tí kò ní káàdì ló jí tiwọn, àwọn tí òfin wákàtí 24 ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Òótọ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì náà, òótọ́ ni PNR náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi jẹ́ òótọ́. Àwọn èèyàn sì ń ṣe é báyìí ní Èkó, kì í ṣe Ìjàpá nìkan.

Ẹnìkan ló kù tí kò tíì wo orúkọ rẹ̀. Ìgbín ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ PNR tirẹ̀ láti àárọ̀ Sátidé. Lẹ́tà kìíní, ó tẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Fóònù kú. Ó lọ gba iná. Lẹ́tà kejì, itọ́ rẹ̀ dà sórí gíláàsì, ó dúró kó gbẹ. Nígbà tó fi tẹ ìkẹfà, ó di ọjọ́ Túsìdeè. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn tó yára ti rí ohun tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlànà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi oṣù kan kà á. Ó rí i níbẹ̀ pé bí wọ́n bá pa tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́, owó kì í gba ọ̀nà mìíràn padà ju ọ̀nà tó gbà wá lọ. Ó rí i pé orúkọ tíkẹ́ẹ̀tì kì í yí padà di ti ẹlòmíràn. Ó wá ká gbogbo rìsíìtì àwọn ẹranko jọ sábẹ́ ikarahun, ó gbéra láti Ìbà, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é o:

*Lílé:* Ewúrẹ́ ilé Ìbà, mo ní o kàwé rẹ
*Ègbè:* Kà á dé ìdí, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀
*Lílé:* Orúkọ tó wà lánàá, kò sí mọ́ lónìí
*Ègbè:* Kà á dé ìdí, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀
*Lílé:* Owó oníkáàdì padà sí káàdì
*Ègbè:* Kà á dé ìdí, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀
*Lílé:* Tìrẹ ńkọ́, Ewúrẹ́, níbo ló gbà lọ?
*Ègbè:* Kà á dé ìdí, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀

Ewúrẹ́ ní, "Bàbá Ìgbín, ẹ lọ sinmi. Mo fojú ara mi rí orúkọ mi." Ọ̀bọ fi àwòrán Facebook hàn án. Òkété ti fèrèsé. Ehoro ní òun ò ráyè, èrò ń dúró de òun ní Ìyànà Ìbà. Ìgbín ò bá wọn jà. Ó ní, "Ó dáa. Bó bá di ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Ó gbéra lọ sí Ìkẹjà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má baà pẹ́.

Ọjọ́ pé. Àwọn ẹranko di ẹrù: ẹ̀gúsí, gàrí, aṣọ ẹbí aláwọ̀ osàn. Wọ́n gba títì Badagry, títì tí wọ́n ti ń fẹ̀ láti ayé Gómìnà Fáṣọlá, tí rélùwéè tó yẹ kó dé Okokomáíkò ń gbé èrò lọ sí Marina láti oṣù kẹsàn-án 2023, àmọ́ Mile 2 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n há ní Volks, wọ́n há ní Mile 2, wọ́n há ní Òṣòdì. Nígbà tí wọ́n dé, Ìgbín ti jókòó síwájú káńtà.

Ta ló wà lẹ́yìn káńtà? Ògòǹgò ni, ọba ẹyẹ tí kò lè fò, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá fún àwọn tó fẹ́ fò. Ó gba páspọ́ọ̀tù mẹ́jọ, ó tẹ bọ́tìnnì, ó na ọrùn.

"Orúkọ yín ò sí."

Ewúrẹ́ ké. Ọ̀bọ mú àwòrán jáde. Ògòǹgò ní àwòrán kì í wọ bàálù. "Nínú bùkíìnì yìí, ẹnìkan ṣoṣo ló kù. Gbogbo Yín."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnu Ìgbín ló kọ́kọ́ yọ ẹ̀rín.

Kò tíì pẹ́ tí Ògòǹgò gbé gbohùngbohùn: bàálù ò ní gbéra lálẹ́ yìí, ẹ máa forí jì wá. Níbi tí ọ̀pọ̀ èrò ti ń gbé ẹrù wọn láti lọ, Ìgbín fa ìwé kan yọ. Ìlànà NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ni, ti ọdún 2023, Apá 19, ibi tí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ èrò sí. Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ó kan èmi náà. Ilé-iṣẹ́ kan tí n ò ní dárúkọ mú mi jókòó ní Ìkẹjà láti aago méje àárọ̀ dé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nítorí Abuja tó jẹ́ bíi wákàtí kan péré. Wọ́n fún mi ní bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá. Mo dúpẹ́! Mo tilẹ̀ ṣàdúrà fún ọmọbìnrin tó gbé e wá. Èmi ò mọ̀ pé ó ti wà nínú ìlànà pé bí ọkọ̀ abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ìpanu ni ẹ̀tọ́ mi, bó bá sì kọjá wákàtí méjì, mo lè ní kí wọ́n dá gbogbo owó mi padà. Wọ́n ti sọ fún mi pé tíkẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kì í padà. Bí èmi bá yẹ àdéhùn ni kì í padà; bó bá jẹ́ àwọn ló yẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ìgbín nawọ́ sí ìlà kan nínú ìwé náà. "Ọ̀gá Ògòǹgò, bí ìdádúró bá gba òru kọjá, ẹ jẹ èrò yín ní oúnjẹ, ẹ jẹ ẹ́ ní hótẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tó máa gbé e débẹ̀. Aago mélòó ló lù?"

Ògòǹgò wo aago. Ó wo òṣìṣẹ́ NCAA tó dúró létí ògiri. Ó tẹ ìwé jáde, ó kà á sókè: "Kí wọ́n fún Gbogbo Yín ní oúnjẹ alẹ́. Kí wọ́n fún Gbogbo Yín ní hótẹ́ẹ̀lì. Ta ni Gbogbo Yín?"

"Àwa ni!" ni ẹranko mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dáhùn.

Ẹ ò rí oúnjẹ bí! Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìyẹ, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin. Àgbò ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan láti ìgbà tí àlọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ abọ́ mẹ́rin, kò sì tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ ni Ìjàpá wọlé, ó wọ kóòtù, ó fi sikáàfù wé ọrùn nítorí òtútù Houston, ó ń fa báàgì onítáyà. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé àwọn yòókù á ti sunkún tán, wọ́n á ti padà sílé.

"Èwo lẹ̀ ń jẹ níbí?"

"Oúnjẹ Gbogbo Yín ni," ni Ehoro wí, ó fa itan adìyẹ ya.

"Èmi ni Gbogbo Yín! Ọ̀gá, èmi ni!"

Ògòǹgò na ọwọ́ fún páspọ́ọ̀tù. Ó kà á. Ó wo àwòrán, ó wo ojú. "Ìjàpá Tìrókò lẹ kọ síbí."

"Èmi náà ni."

"Orúkọ tíkẹ́ẹ̀tì kì í yí padà, bàbá. Bàálù ti di ọ̀túnla. Bí ẹ bá jẹ́ Gbogbo Yín lóòótọ́, ẹ lọ mú ìwé wá láti kóòtù." Ó yíjú sí tábìlì. "Ṣé Gbogbo Yín fẹ́ omi tútù?"

Wọ́n fẹ́ omi tútù.

Àwọn ẹranko lọ sùn sí hótẹ́ẹ̀lì. Ìjàpá sun orí báàgì rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó ti wà ní kóòtù, ó búra níwájú akọ̀wé, ó san owó, ó gba ìwé. Ó gba ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn lọ, ó san owó ìkéde. Lọ́jọ́ kejì ó jáde nínú ìwé ìròyìn, lójú ewé tí wọ́n ń kó àwọn tó yí orúkọ padà sí: èmi tí a ń pè ní Ìjàpá Tìrókò tẹ́lẹ̀, Gbogbo Yín ni a ó máa pè mí láti òní lọ, gbogbo ìwé àtẹ̀yìnwá ṣì jẹ́ tèmi, kí àwọn báńkì àti gbogbo ará ìlú ṣàkíyèsí.

Ó ra ẹ̀dà mẹ́ta. Ó sáré padà sí màmí máákẹ́ẹ̀tì láti wá kó owó tó rì mọ́ abẹ́ àpótí kó tó lọ wọ bàálù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dúró níwájú ẹlẹ́pẹpẹsúùpù, ó ń ka ìkéde náà sókè fún un, ó ń nà án sí télọ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹnu rẹ̀ ni ó wà tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ró pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Àwọn Ìjàlọ ni, lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n yí ọjà ká. Ọ̀gá wọn mú ìwé kan dání, rìsíìtì mẹ́jọ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, itọ́ ìgbín sì ti gbẹ sórí rẹ̀, ó ń dán yinrinyinrin.

"A ń wá Gbogbo Yín," ni Ọ̀gá Ìjàlọ wí.

Ọjà pa lọ́lọ́. Ẹlẹ́pẹpẹsúùpù ju ṣíbí sílẹ̀, ó káwọ́ sókè. Télọ̀ káwọ́ sókè, okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn tó ń ta súyà, àwọn tó ń jẹ súyà, gbogbo wọn káwọ́ sókè, wọ́n ń ronú ohun tí àwọn ṣe.

Ojú télọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sórí ìwé ìròyìn. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kan kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó nàka. Ẹlẹ́pẹpẹsúùpù nàka. Àwọn onísúyà nàka, tàwọn ti igi súyà lọ́wọ́.

Ìjàpá fa orí wọlé.

Láti ẹnu géètì, níbi tí wọ́n ṣì ti ń bi Ìgbín ní orúkọ rẹ̀, ibi tó ń lọ àti ẹni tó fẹ́ rí, orin ti ń bọ̀:

*Lílé:* Gbogbo Yín inú bárékè, mo ní o kàwé rẹ
*Ègbè:* Kà á dé ìdí, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀